Irin Ni Ẹ̀gbọ́n, Idẹ Ni Àbúrò: Bí Ilẹ̀ Okun Ṣe Kúrò Nínú Ìgbà Òkúta

Ìwé ìtàn tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé-ẹ̀kọ́ girama to ayé àtijọ́ bí ẹni to ọmọ ìyá mẹ́ta sórí ìlà: Ìgbà Òkúta ló ṣáájú, Ìgbà Idẹ tẹ̀lé e, Ìgbà Irin ló kẹ́yìn. Bí olùkọ́ bá rántí, yóò ki Ìgbà Bàbà bọ àárín òkúta àti idẹ. A há a sórí, a kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, a gba máàkì wa, a gbàgbé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wá ni pé inú ilé ta ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ mẹ́ta wọ̀nyí. Àwa tí à ń kí ara wa ní "Okun", láti Amuro dé Kabba, láti Ìyàgbà dé Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ṣe lọ lọ́dọ̀ wa?

Kò lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, inú òkúta ni wọ́n ti bọ́ sínú irin. Idẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹ́yìn irin. Ohun tí a fẹ́ fi ìwé yìí sọ nìyẹn, a ó sì sọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbé Ìpínlẹ̀ Kogi lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó to ìlà náà. Ará Dẹ́nmáàkì ni, Christian Jürgensen Thomsen ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe alábòójútó àwọn ohun àtijọ́ tí wọ́n kó jọ sí Copenhagen, ńṣe ló bá òkìtì ẹrù nílẹ̀: àáké òkúta, idà idẹ, ọ̀bẹ irin, gbogbo rẹ̀ wà ní rúdurùdu. Ó ní láti wá bí yóò ṣe tò wọ́n kí ará ìlú lè wá wò wọ́n. Ó wo ohun tí wọ́n jọ hú jáde nínú sàréè kan náà, ó wo èyí tí kì í bá èyí rìn, ó sì pín wọn sí òkúta, idẹ àti irin. Ìwé tó fi ṣàlàyé rẹ̀ jáde ní 1836. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì ló ṣe é fún, ó sì bá ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì mu. Àwọn tó gbé e kiri ayé lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di òfin tí gbogbo ọmọ aráyé gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Kí a má baà purọ́ mọ́ ìlà náà, ó bá ọ̀pọ̀ ibòmíràn mu pẹ̀lú. Ní ìhà Ìlà-Oòrùn Àárín Gbùngbùn àti ní Yúróòpù, bàbà ni èèyàn kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn, nítorí pé a máa ń rí bàbà lóòótọ́ tó jẹ́ bàbà pátápátá nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ pupa rẹ̀, tí wọ́n lè fi òkúta lù títí yóò fi di abẹ́rẹ́ tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ̀ pé iná lè yọ́ ọ, tó bá ti gbóná dé nǹkan bí dígírì 1,085. Ọkùnrin tí wọ́n rí nínú yìnyín lórí àwọn òkè Alps ní 1991, tí wọ́n sọ ní Ötzi, kú ní ohun tó lé ní 5,000 ọdún sẹ́yìn, àáké bàbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọfà olórí òkúta. Nígbà tó yá ni àwọn kan rí i pé bí wọ́n bá da tánganran díẹ̀ pọ̀ mọ́ bàbà, ohun tó jáde le ju bàbà lọ, ó sì rọrùn láti yọ́. Òun ni idẹ tí ìwé ń pè ní ti Ìgbà Idẹ. Irin ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbà. Dígírì 1,538 ni irin tó ń yọ́, kò sí ìléru ayé ìgbà náà tó lè dé ibẹ̀. Irin tí àwọn ará Íjíbítì ń lò nígbà yẹn, ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ọ̀bẹ irin tó wà lára òkú ọba Tutankhamun, tí wọ́n ṣí sàréè rẹ̀ ní 1922, ara òkúta tó já láti ọ̀run ni wọ́n ti rọ ọ́. Ìgbà tó di nǹkan bí 1200 ṣáájú ìbí Jésù ni irin inú ilẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ó tó bẹ́ẹ̀ nípa tiwọn. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Òkúta pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ohun tí ọwọ́ lè kà lọ. Amuro wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Mopa-Muro, ilẹ̀ àpáta ni gbogbo agbègbè náà, bẹ́ẹ̀ ni ti Ìjùmú tó bá a pààlà. Abẹ́ irú àpáta bẹ́ẹ̀, níbi tí òkúta ti ṣíji bo ilẹ̀ bí òrùlé, ni àwọn èèyàn àkọ́kọ́ máa ń sá òjò sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sin òkú wọn sí nígbà mìíràn. Ní Ìhò Ẹlẹ́rù, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Thurstan Shaw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ní 1965, wọ́n sì bá egungun èèyàn kan tó ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 11,000 ọdún, pẹ̀lú ẹgbàágbèje òkúta kéékèèké tí wọ́n ti ta létí kí wọ́n lè mú.

Lọ́dọ̀ wa níbí, Ìfẹ̀-Ìjùmú ni ibi tí a ní láti mọ̀. Awalẹ̀pìtàn Philip Oyelaran ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún tó yí 1990 ká, nígbà tí agbègbè náà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, torí pé oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ní abẹ́ àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Itaakpa, ó bá àwọn òkúta kéékèèké tí ọwọ́ èèyàn ti ta, àfọ́kù ìkòkò, egungun àgbọ̀n èèyàn, àti ẹ̀rí pé wọ́n ń jẹ ẹyìn. Ó lé ní 2,000 ọdún tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wà nílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ìkòkò wà, ẹyìn wà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọbẹ̀ elépo kò ṣàjèjì sí wọn. Àmọ́ òkúta ni wọ́n ṣì fi ń gé nǹkan.

Àwọn òkúta mìíràn wà tí àwa fúnra wa mọ̀ láti kékeré láìmọ̀ pé Ìgbà Òkúta ni wọ́n ti wá. Àgbẹ̀ á máa kọ ebè, ọkọ́ rẹ̀ á ta mọ́ òkúta kan tó rí bí orí àáké, tó ń dán, tó tẹ́jú, tí ẹnu rẹ̀ mú. Wọn á ní ẹdùn àrá ni, pé Ṣàngó ló sọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àrá sán. Wọn á gbé e sílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké ni, èèyàn ló fi sùúrù lọ̀ ọ́ mọ́ àpáta títí ó fi mú, kí ó lè fi gé igi kó sì fi roko. Kì í ṣe àwa nìkan la ní irú ìgbàgbọ́ yìí o. Àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù náà gbà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún pé ojú ọ̀run ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń já, wọ́n sì ń fi í pamọ́ sínú ilé kí àrá má baà sán lu òrùlé wọn. Nígbà tí irin ti dé tí ó sì ti pẹ́, tí kò sí ẹni tó rántí bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ń fi òkúta gé igi mọ́, ta ni ìbá gbà pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyí. Ní nǹkan bí àkókò kan náà tí àwọn ará Itaakpa ń fi òkúta gé ẹran wọn, tí a bá la odò Ọya kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn, tí kò tó 300 kìlómítà, àwọn èèyàn kan ti ń yọ irin. Taruga ni orúkọ ibẹ̀, kò jìnnà sí Àbújá òde òní. Bernard Fagg gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó sì bá ìléru mẹ́tàlá níbẹ̀, pẹ̀lú ère amọ̀ ti Nok tí gbogbo wa mọ àwòrán rẹ̀. Èédú tí wọ́n yẹ̀ wò fi hàn pé nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún sí ìkẹta ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ń dáná níbẹ̀. Ní Opi, ní agbègbè Nsukka, iná ìléru ti ń jó kí ó tó di 400 ṣáájú ìbí Jésù. Ní àwọn ibùgbé Nok kan sì rèé, wọ́n máa ń bá àáké òkúta àti irin pọ̀ nínú ilẹ̀ kan náà.

Nítorí náà, ìgbà kì í ṣe ilẹ̀kùn tí gbogbo ayé jọ ń gbà wọlé lọ́jọ́ kan náà. Aládùúgbò ni òkúta àti irin jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ẹnìkan gbé àdá irin lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ ní abúlé kejì ṣì ń ta òkúta. A ò tilẹ̀ ní láti lọ jìnnà. Nínú ilé ìdáná àwọn ìyá wa, ọlọ àti ọmọ ọlọ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bílẹ́ńdà, iṣẹ́ Ìgbà Òkúta ni ọlọ ṣì ń ṣe, àwọn tó sì mọ adùn ọbẹ̀ mọ èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, pàápàá tí NEPA bá mú iná lọ.

Báwo wá ni wọ́n ṣe yọ irin nígbà tí iná wọn kò lè dé dígírì 1,538? Ìdáhùn náà ya àwa tí a kò kọ́ kẹ́místírì jinlẹ̀ lẹ́nu: wọn kò jẹ́ kí irin náà yọ́ di omi rárá. Òkúta irin, irú yangí pupa tó wúwo tàbí òkúta dúdú inú òkè, irin tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti dì mọ́ ni. Irin tó dógùn-ún lẹ́yìn ilé yín, ohun kan náà ló ṣe é. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni láti fa ọ́síjìn yẹn kúrò lára irin. Èédú ló mọ iṣẹ́ náà. Bí èédú bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, ó máa ń tú gáàsì kan jáde, gáàsì kan náà tó ń pa èèyàn nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Gáàsì olóró yìí ń wá ọ́síjìn kiri, tó bá ti kan òkúta irin tó gbóná, á já ọ́síjìn gbà lára rẹ̀, irin á ṣẹ́kù. Dígírì 1,200 tàbí kí ó lé díẹ̀ ti tó fún èyí. Ìdọ̀tí inú òkúta, iyanrìn àti amọ̀, á yọ́ di omi, á ṣàn lọ sísàlẹ̀, bó bá sì tutù, òun là ń pè ní ìdàrọ́. Irin ní tirẹ̀ á dì jọ bí iṣu tó ní ihò wẹ́wẹ́, kò lẹ́wà lójú rárá. Alágbẹ̀dẹ á tún gbé e padà sínú iná, á fi ọmọ owú lù ú lórí owú léraléra, títí ìyókù ìdàrọ́ á fi ta jáde lára rẹ̀, tí yóò fi di irin tó ṣeé rọ.

Sísọ ọ́ rọrùn. Ṣíṣe é ńkọ́? Wọ́n ní láti mọ òkè tí òkúta tó dára wà, kí wọ́n wà á, kí wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí wọ́n yan án nínú iná kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Wọ́n ní láti gé igi líle, irú àyin, kí wọ́n sun ún di èédú láìjẹ́ kó di eérú, èédú náà sì pọ̀ ju òkúta lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní láti fi amọ̀ tí kò ní là mọ ìléru, kí wọ́n fi amọ̀ ṣe ọ̀pá oníhò tí afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé. Níbòmíràn, ẹwìrì ni wọ́n ń fọwọ́ fẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin á máa gba ara wọn sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Níbòmíràn, wọ́n á mọ ìléru ga kí afẹ́fẹ́ lè máa fà á fúnra rẹ̀. Bí iná bá lọ sílẹ̀ jù, kò sí irin. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, irin á tún jó padà di òkúta. Kò sí ohun ìwọ̀n ooru kankan lọ́wọ́ wọn. Ojú ni wọ́n fi ń wo àwọ̀ iná, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ìró rẹ̀. Àbájọ tí wọ́n fi ń rúbọ kí wọ́n tó dáná, tí ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà fi ka ìléru sí inú obìnrin tó fẹ́ bímọ, tí wọ́n sì fi èèwọ̀ yí i ká. Ẹni tó bá rò pé Ògún kàn jẹ́ òrìṣà ìbínú àti ogun, kí ó wo iye ohun tó lè bàjẹ́ láàárín òkúta àti àdá.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá ara wọn jà lórí ibi tí ìmọ̀ yìí ti wá. Àwọn kan ní láti Carthage ní àríwá tàbí láti Méróè ní Sudan ló ti sọdá aṣálẹ̀ wá. Àwọn mìíràn ní àwọn èèyàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ṣàwárí rẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ "ta ló kọ́kọ́ ṣe é" yìí kì í dá wa lágara bí ó ṣe ń dá àwọn kan lágara, àmọ́ a rí i pé ó ti gba àyè jù. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ kọ́ àwọn baba ńlá wa ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, òkúta ilẹ̀ wọn yàtọ̀, igi wọn yàtọ̀, amọ̀ wọn yàtọ̀. Kò sí bí wọn kò ṣe ní tún gbogbo rẹ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ níwájú iná tiwọn.

Idẹ ńkọ́? Ìgbà tí a bá máa rí iṣẹ́ idẹ tó jọni lójú ní gúúsù Nàìjíríà, nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án lẹ́yìn ìbí Jésù ni, ní Igbo-Ukwu, níbi tí Thurstan Shaw kan náà ti gbẹ́ ilẹ̀ ní 1959 àti 1960. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí idẹ àti ti bàbà ti Ilé-Ifẹ̀ dé, àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ní Tada, lẹ́bàá odò Ọya ní ìhà àríwá wa, ère ọkùnrin kan wà tó jókòó, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pátápátá. Àwọn Tápà so àwọn ère tó wà níbẹ̀ mọ́ orúkọ Tsoede, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì gbà pé ọwọ́ Ifẹ̀ wà nínú èyí tó jókòó náà. Ohun ẹwà ni gbogbo wọn, ohun ọba àti òrìṣà. Kò sí ẹni tó fi wọ́n roko. Láàárín Taruga àti Igbo-Ukwu, ó lé ní 1,000 ọdún. Nítorí náà ni a ṣe sọ pé irin ni ẹ̀gbọ́n níbí, idẹ ni àbúrò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìlà Thomsen wọn wá, yóò ní a fo kíláàsì kan. A ò fo nǹkan kan. Bàbà kò pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, òkúta irin ló wà níbi gbogbo, èèyàn sì máa ń fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ irin yìí kan Okun ju bí a ṣe rò lọ, nítorí ibi tí ilẹ̀ wa wà. Ìwọ̀-oòrùn ibi tí odò Ọya àti odò Bénúé ti pàdé ni wá. Akinwumi Ogundiran, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó gbé jáde ní 2020, fi agbègbè ìpàdé odò yìí ṣe ibi tí èdè tó wá di Yorùbá ti gbèrú kí ó tó tàn lọ sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ṣáájú rẹ̀, Ade Obayemi, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Okun fúnra rẹ̀, ti kọ̀wé pé àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní ọba ńlá, irú èyí tó kún ilẹ̀ wa, kì í ṣe ìlú tó kùnà láti di Ọ̀yọ́. Wọ́n jẹ́ irú ètò ìlú tó ti wà kí Ọ̀yọ́ àti Ifẹ̀ tó di ńlá. A gba ti Obayemi. Ó ti sú wa kí wọ́n máa fi wá ṣe ẹ̀yìn odi ilẹ̀ Yorùbá nígbà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni a wà.

Kí ni irin ṣe nígbà tó dé? Àáké òkúta lè gé igi, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wo ẹni tó fẹ́ fi òkúta ṣán igbó tí yóò fi gbin iṣu ọgọ́rùn-ún ebè. Pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, ìdílé kan lè ṣí ilẹ̀ tí ìdílé mẹ́ta kò lè ṣí tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ pọ̀ sí i, èèyàn pọ̀ sí i, abúlé sún mọ́ abúlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohun tí wọ́n lè bá ara wọn jà lé lórí. Irin kan náà ló ṣe ọ̀kọ̀ àti idà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn jagunjagun Tápà láti Bida ń gun ẹṣin wá kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú, orí òkè àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú Okun sá lọ, sórí irú òkúta tí àwọn baba ńlá ìgbà àtijọ́ fi ṣe ilé. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kabba, wọ́n sì kọjá lọ sí Bida. Tápà kúrò, òyìnbó jókòó.

Òyìnbó yìí ló mú kí iná ìléru kú, kò sì fi òfin pa á. Ọjà ni. Ní 1904, C. V. Bellamy kọ àpèjúwe kan nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, tó pè ní Ola-Igbi, níbi tí gbogbo abúlé ti ń yọ irin. Ó wo ìléru wọn dáadáa, ó mú òkúta àti irin wọn lọ sílé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ irin ọ̀pá àti àdá tí ọkọ̀ òkun ń kó dé ti dín owó jù. Ta ló máa sun igi odidi igbó kan fún ìṣù irin kékeré nígbà tó lè ra irin lọ́jà? Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ irin pín sí tẹ́lẹ̀: àwọn tó ń yọ irin nínú òkúta, àti àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọ́. Àwọn àkọ́kọ́ parẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ kù, wọ́n ṣì wà, sípíríǹgì ọkọ̀ àti irin tí àwọn oní-kọ́ńdẹ̀mù kó wá ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ́ lónìí.

Ohun tó wá mú wa rẹ́rìn-ín tí kì í ṣe ẹ̀rín ni pé Ìpínlẹ̀ Kogi yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ yàn fún irin. Òkè Itakpe wà níbí, pẹ̀lú òkúta irin tí wọ́n ṣírò sí nǹkan bí 200 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Òkè Agbaja wà nítòsí Lọ́kọ́ja, tirẹ̀ tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta sílẹ̀ ní 1979, Ààrẹ Shehu Shagari fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1980, àwọn ará Soviet ló ń kọ́ ọ. Títí a fi ń kọ ìwé yìí, ìléru ńlá ibẹ̀ kò tíì yọ irin kankan nínú òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a bí lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ó kù díẹ̀ kí ó parí. A mọ̀ pé kò bójú mu láti fi ìléru amọ̀ wé ilé-iṣẹ́ tó gba ilẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún ọmọ Kogi pé irin jẹ́ ìmọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, irọ́ ló ń pa.

Ẹ̀rí pé irọ́ ni wà nílẹ̀, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdàrọ́ kì í jẹrà. Ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, láti ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbómìnà dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn awalẹ̀pìtàn ti bá a nílẹ̀ níbi tí ìlú àtijọ́ wà. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, òkúta lásán ni. Bí kátápílà bá ń la ọ̀nà, ó lè kó o dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹnìkan bá ń wá ohun tí yóò fi dí kòtò ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó dára fún un. Ẹ̀rí ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó ló lè bá ọkọ̀ típà kan lọ?

Bí ẹ bá dé oko nígbà ìsinmi, bí a ṣe lè dá a mọ̀ nìyí. Ó dúdú tàbí kí ó dà bí eérú tó ṣókùnkùn, ó wúwo ju yangí lọ, ojú rẹ̀ sì ní ìṣẹ́po bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n dà sílẹ̀ tó tutù kó tó tẹ́jú. Ihò afẹ́fẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀ tó bá fọ́. Bí àfọ́kù amọ̀ roboto oníhò tí iná ti jó lẹ́nu bá wà nítòsí rẹ̀, ọ̀pá ìléru nìyẹn, ẹ ti débẹ̀. Ẹ má ṣe kó o wálé. Ibi tó wà gan-an ló ń sọ ìtàn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, èédú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ fi báírò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ oko náà sílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà tó ni ilẹ̀ ohun tí wọ́n ń pe ibẹ̀, torí orúkọ ilẹ̀ máa ń pa ìtàn mọ́ ju ẹnu lọ. Ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àjọ tó ń rí sí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ sì wà pẹ̀lú.

Ní Lejja, ní agbègbè Nsukka, ohun tí wọ́n ṣe sí ìdàrọ́ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n kó àwọn ègé ńláńlá rẹ̀ jọ sí gbàgede ìlú, ó ju 800 lọ, àwọn àgbà sì ń jókòó lé wọn lórí bí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé.